Bí A Ṣe Ń De Bóòtù Orí Sílíńdà Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Omi

Ọ̀sà Èkó ni ọ̀nà oúnjẹ ọ̀pọ̀ ará Ṣómólú àti Bàrígà: apẹja ni àwọn kan, àwọn mìíràn sì ń fi ọkọ̀ gbé èrò àti ẹrù. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú láàárín ọ̀sà nígbà tí ìjì ń bọ̀, ẹ̀mí gbogbo èrò inú ọkọ̀ ló wà nínú ewu. Ìdí nìyí tí a fi ṣe àlàyé yìí fún àwọn mẹkáníìkì àti àwọn tí ó ni ọkọ̀.

Orí sílíńdà ni irin tí ó bo ibi tí epo ti ń jó. Gásíkẹ́ẹ̀tì tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí iná inú sílíńdà àti omi tí ń mú ẹ́ńjìnnì tutù pàdé. Bí bóòtù kan bá le ju èkejì lọ, orí náà lè tẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì yóò sì máa jò. Omi lè wọ sílíńdà, ẹ́ńjìnnì lè gbóná kọjá ààlà, písítìn a sì há.

Kí ẹ tó dè é

1. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù kí ẹ tó tú u. Ẹ dẹ àwọn bóòtù díẹ̀díẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín.
2. Ẹ nu ojú irin méjèèjì mọ́ tónítóní. Ẹ fi rúlà irin tí ó tọ́ lé orí sílíńdà; bí ó bá ti tẹ̀ ju ìwọ̀n tí ìwé ẹ́ńjìnnì gbà láàyè lọ, ẹ má ṣe dá a padà bẹ́ẹ̀.
3. Ẹ fọ ihò bóòtù. Omi tàbí ọ́ìlì tí ó bá kù sí ìsàlẹ̀ ihò lè la ara ẹ́ńjìnnì nígbà tí bóòtù bá tẹ̀ ẹ́.
4. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni kí ẹ lò. Èyí tí a ti lò rí kì í dí dáadáa mọ́.

Bí a ṣe ń dè é

1. Ẹ fi ọwọ́ lásán lọ́ gbogbo bóòtù wọlé ná.
2. Ẹ tẹ̀ lé nọ́ńbà tí ó wà nínú ìwé ẹ́ńjìnnì. Ní gbogbogbòò, láti àárín ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó máa dá a kọjú síra, títí a ó fi dé ẹ̀gbẹ́.
3. Ẹ lo sípánà tí ń wọn agbára ìdè, kí ẹ sì dè é ní ìpele méjì. Bí àpẹẹrẹ, bí ìwé bá sọ pé 30 Newton-metre, ẹ kọ́kọ́ fi 15 de gbogbo wọn, kí ẹ tó padà fi 30 parí rẹ̀. Agbára 30 yìí tó ìwọ̀n kílò 3 tí a so mọ́ ẹnu ọ̀pá tí ó gùn ní mítà 1.

Ẹ má ṣe fi agbára apá díwọ̀n. Alumíníọ́mù kò le bí irin. Ojú ihò rẹ̀ tètè ń jẹ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Lẹ́yìn iṣẹ́

Inú omi ni kí ẹ ti dán ẹ́ńjìnnì wò. Bí omi kò bá tú jáde láti ihò kékeré ara rẹ̀, ẹ pa á kíá. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ máa ń pọ̀ sí i nínú omi ọ̀sà, ó sì ń jẹ irin. Nítorí náà, ẹ máa fi omi tí kò ní iyọ̀ fọ inú ẹ́ńjìnnì.

Kí gbogbo èrò wọ ẹ̀wù ìdóòlà ẹ̀mí nígbà gbogbo. Bí ewu bá ṣẹlẹ̀ lórí omi, ẹ pe 767 tàbí 112.