Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Kọ́lé: Ìtàn Ilé Ìtura Etí Òkun Bentota

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ọ̀rọ̀ orúkọ ṣe rí ni ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ náà rí, nítorí pé gbogbo ilé ló ní ilẹ̀ tó gbé e dúró, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sí i lára, àti àwọn ènìyàn tó ti ń gbé àyíká rẹ̀ kí ó tó dé. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ìtura olówó ńlá tí wọ́n ń kọ́ sí etí òkun káàkiri àgbáyé ló jọ ara wọn bí ìbejì: dígí láti òkè délẹ̀, yàrá tí a kò lè mí nínú rẹ̀ bí ẹ̀rọ amúlétutù bá kú, àti gbọ̀ngàn tí àlejò lè jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́ láìmọ orílẹ̀-èdè tí òun wà. Bí àwọn tó kọ́ wọn bá rántí àṣà ìbílẹ̀, wọn a ra ère méjì mẹ́ta lọ́jà, wọn a sì tò wọ́n sí ẹnu ọ̀nà.

Ní ọdún 1969, ilé ìtura kan dìde ní erékùṣù Sri Lanka, tí wọ́n ń pè ní Ceylon nígbà náà, tó gba ọ̀nà mìíràn. Bentota Beach Hotel ni orúkọ rẹ̀, Geoffrey Bawa sì ni ayàwòrán-ilé tó gbìmọ̀ rẹ̀. Àwọn tó wá ibẹ̀ wá jẹ ìgbádùn ni, ṣùgbọ́n àìní ló bí ilé náà.

Láti ọdún 1505 ni àwọn ará Potogí ti gúnlẹ̀ sí erékùṣù yìí. Ní ọdún 1658, àwọn ará Dọ́ọ̀ṣì lé wọn kúrò ní ibi ìkẹyìn tí wọ́n dì mú níbẹ̀. Ní ọdún 1796, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba etí òkun lọ́wọ́ àwọn ará Dọ́ọ̀ṣì, wọn kò sì lọ títí di ọdún 1948, nígbà tí Ceylon gba òmìnira. Tíì, rọ́bà àti àgbọn ló pọ̀ jù nínú ohun tí ilẹ̀ náà ń tà fún ayé. Nígbà tí iye owó àwọn irè wọ̀nyí ń já wálẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, owó ilẹ̀ òkèèrè bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n ìjọba lọ́wọ́. Ìjọba bá de ọjà tó ń wọlé láti òkè òkun, wọ́n sì wá ọ̀nà mìíràn tí owó fi lè wọlé. Ní ọdún 1966, wọ́n fi òfin dá àjọ kan sílẹ̀ fún ètò ìrìn-àjò afẹ́. J. R. Jayewardene, tó di ààrẹ orílẹ̀-èdè náà lẹ́yìn náà, wà lára àwọn mínísítà tó ti ètò náà lẹ́yìn gidigidi. Bentota ni wọ́n mú ṣe ọ̀kan lára àwọn ibi àkọ́kọ́ tí wọn yóò kọ́ fún àlejò. Ó lé ní kìlómítà 60 sí gúúsù ìlú Colombo, ní ibi tí odò Bentota ti ń wọ inú òkun.

Iṣẹ́ tó dé iwájú Bawa le. Àwọn àlejò láti ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ń retí, ìtura tí wọ́n sì mọ̀ ní ilé wọn ni wọn yóò máa wá. Ṣùgbọ́n ìjọba tó fẹ́ gba owó lọ́wọ́ wọn kò lówó tí yóò fi ra àwọn ohun èlò òkè òkun tí irú ìtura bẹ́ẹ̀ ń béèrè. Ohun tó wà nílẹ̀ ni òkúta, pákó, amọ̀, òwú àti ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà.

Ìran Bawa fúnra rẹ̀ jẹ́ àdàlù. Wọ́n bí i ní Colombo ní ọdún 1919. Ìran baba rẹ̀ pa Mùsùlùmí àti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀, ìran ìyá rẹ̀ sì pa Sinhala pọ̀ mọ́ àwọn Òyìnbó tó ti pẹ́ ní erékùṣù náà. Ó ka ìwé lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Cambridge, ó kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní London, ó sì di agbẹjọ́rò gẹ́gẹ́ bí baba rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò bá a lára mu. Ní ọdún 1948, ọdún òmìnira gan-an, ó ra oko rọ́bà àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Lunuganga, kò jìnnà sí Bentota rárá. Ó fẹ́ sọ oko náà di ọgbà tí ojú kò tíì rí irú rẹ̀, ó sì wá rí i pé ìfẹ́ nìkan kò tó, ìmọ̀ ni òun kò ní. Ó padà sí London láti kọ́ iṣẹ́ yíyàwòrán ilé. Nígbà tó fi máa gboyè ní ọdún 1957, ó ti di ẹni ọdún 38. Nítorí náà, nígbà tí ìjọba gbé iṣẹ́ Bentota lé e lọ́wọ́, ilẹ̀ tí wọ́n ní kí ó kọ́lé sí kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì. Ó ti ń wo odò rẹ̀, òjò rẹ̀ àti igi rẹ̀ fún nǹkan bí ogún ọdún.

Ìsàlẹ̀ ilé ìtura náà jẹ́ ògiri òkúta wúwo, tó mú ìrántí àwọn odi agbára tí àwọn amúnisìn kọ́ sí etí òkun náà wá sí ọkàn. Àlejò tó bá ti inú oòrùn gbígbóná dé yóò wọ abẹ́ ògiri yìí, níbi tó dúdú tó sì tutù, yóò sì gun àtẹ̀gùn lọ sókè. Lókè àtẹ̀gùn ni ojú rẹ̀ yóò ti là sí gbọ̀ngàn ìgbàlejò. Aṣọ bàtíìkì aláràbarà ni wọ́n ta bo gbogbo àjà gbọ̀ngàn náà, níwájú rẹ̀ sì ni àgbàlá kan wà tí a kò fi òrùlé bò, pẹ̀lú adágún omi àti igi òdòdó frangipani. Àwọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí àgbàlá yìí ká, àwọn ibi ìjẹun àti ibi ìjókòó sì ṣí sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Lókè wọn ni àwọn yàrá ibùsùn wà, wọ́n yọrí síta ju ìsàlẹ̀ lọ, wọ́n sì ń wo òkun.

Kò sí èyí tí Bawa dá sílẹ̀ láti inú òfìfo. Àgbàlá wà nínú ilé àwọn ìjòyè àtijọ́ ní agbègbè Kandy, ó wà nínú ilé àwọn mọ́ńkì ẹlẹ́sìn Búdà, ó sì wà nínú ilé tí àwọn ará Dọ́ọ̀ṣì kọ́ sínú ìlú nígbà tí ooru ti kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Òrùlé gíga tó nà kọjá ògiri ni àwọn ará abúlé fi ń gba ara wọn lọ́wọ́ òjò, nítorí òjò tí ìjì òkun ń gbé wá sí ìhà ibẹ̀ kò mọ níwọ̀n. Ohun tí Bawa ṣe ni pé ó bi ohun kọ̀ọ̀kan léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Àgbàlá ń mú ìmọ́lẹ̀ wọlé, ó sì ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbígbóná rí ibi gbà jáde. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń dá oòrùn dúró kí ó tó kan ògiri yàrá. Òrùlé gígùn ń jẹ́ kí ènìyàn lè ṣí fèrèsé sílẹ̀ nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Gbogbo èyí ti wà kí iná mànàmáná tó dé, ó sì wúlò síbẹ̀ lẹ́yìn tó dé.

Ìgbàlódé náà ní ipò tirẹ̀. Kọnkéré ló gbé àwọn yàrá tó yọrí síta yẹn dúró, ẹnjiníà Poologasundram, alábàáṣiṣẹ́pọ̀ Bawa fún ọ̀pọ̀ ọdún, sì wà lára àwọn tó mú kí irú àwọn àlá bẹ́ẹ̀ lè dúró. Ní ti òrùlé, àwo amọ̀ sísun tí àwọn ará Potogí mú wọ erékùṣù náà rẹwà, ṣùgbọ́n ó máa ń jò. Bawa a máa fi páànù asibẹ́sítọ́ọ̀sì sí abẹ́ àwo náà: páànù ń dá omi dúró, amọ̀ ń dá ooru dúró. Ọgbọ́n ńlá ni ní ìgbà tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ayé ti wá mọ̀ lónìí pé asibẹ́sítọ́ọ̀sì léwu fún ẹ̀dọ̀fóró. Àtijọ́ ní àbùkù, ìgbàlódé náà ní tirẹ̀.

Àwọn oníṣẹ́ ọnà ló fi ẹ̀mí sínú ilé náà. Bàtíìkì tó wà lára àjà jẹ́ iṣẹ́ Ena de Silva. Ìbátan àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni bàtíìkì: ìda ni wọ́n fi ń ya àrà sára aṣọ dípò ẹ̀kọ, kí wọ́n tó rì í sínú aró. Bawa ti kọ́ ilé alágbàlá kan fún obìnrin yìí ní Colombo láti ọdún 1960 sí 1962, ilé náà sì di àwòkọ́ṣe fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó ṣe lẹ́yìn náà. Laki Senanayake ló ṣe ère ọ̀kín. Barbara Sansoni ló pèsè àwọn aṣọ híhun aláwọ̀ mèremère. Nítorí pé ìjọba ti de ọjà òkè òkun, ohun tí ilé ìtura mìíràn ì bá kó wá nínú ọkọ̀ ojú omi di iṣẹ́ fún ahunṣọ, aláró àti gbẹ́nàgbẹ́nà. Láti inú irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ tó ti ń kú lọ ti tún rí oníbàárà. Nígbà tó yá, Ena de Silva padà sí Aluvihare, abúlé àwọn baba rẹ̀, ó sì ń bá àwọn obìnrin ibẹ̀ ṣiṣẹ́ bàtíìkì.

Síbẹ̀, ìbéèrè kan wà tí ẹwà ilé kò lè bò mọ́lẹ̀. Àṣà ta ni wọ́n ń tò kalẹ̀, ta ni ó sì wà fún? Ilé ìtura olówó ńlá ni, àlejò ló wà fún, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ọwọ́ wọn hun aṣọ inú rẹ̀ kò sì lè san owó oorun alẹ́ kan níbẹ̀. Bawa kò yanjú ìṣòro yìí, kò sì sí ayàwòrán-ilé tó lè dá a yanjú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ fi hàn pé a lè gba àlejò láìpurọ́ fún un. Nínú Lighthouse Hotel tó kọ́ sí ìlú Galle, tí wọ́n parí ní ọdún 1997, Laki Senanayake to àwọn ère ọmọ ogun onírin sí ara àtẹ̀gùn yíyípo, tí àwọn ará Potogí àti àwọn Sinhala ń bá ara wọn jà. Ọmọ Yúróòpù tó wá sinmi yóò gba àárín ogun náà kọjá kí ó tó dé ibi tí yóò ti rí òkun. Ara àṣà ni ìrántí ìyà jẹ́ pẹ̀lú.

Láti Bentota ni ọgbọ́n yìí ti tàn kálẹ̀. Ní Ahungalla, ní ọdún 1981, Bawa parí Triton Hotel, níbi tí ilẹ̀ gbọ̀ngàn, adágún ìwẹ̀ àti òkun ti tẹ́ lọ bí ẹni pé omi kan náà ni wọ́n. Jayewardene, tó ti di ààrẹ, gbé iṣẹ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Kotte lé e lọ́wọ́, wọ́n sì ṣí i ní ọdún 1982. Ní ọdún 2001, ó gba àmì-ẹ̀yẹ pàtàkì lọ́wọ́ Aga Khan Award for Architecture. Ó papò dà ní ọdún 2003. Ilé ìtura tó ń fara wé tirẹ̀ pọ̀ ní Éṣíà lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn mú ìrísí, wọ́n fi ìdí ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Ilé Bentota fúnra rẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ irú ìgbàgbé bẹ́ẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, wọ́n ṣe àwọn àtúnṣe tó ba ìṣọ̀kan rẹ̀ jẹ́. Ohun tí àìní dá sílẹ̀, ìgbà ọ̀pọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á rẹ́. Nígbà tó yá, Channa Daswatte, ayàwòrán-ilé tó ti bá Bawa ṣiṣẹ́, ni wọ́n pè kí ó dá a padà sí ipò, wọ́n sì tún ṣí i pẹ̀lú orúkọ tuntun ní òpin ọdún 2019. Àgbàlá náà ṣì wà láàárín rẹ̀.

Ọmọ Yorùbá tó bá mọ agboolé àtijọ́ kò ní rí ohun àjèjì nínú ìtàn yìí. Àwọn baba ńlá kọ́lé yí àgbàlá ká, níbi tí òrùlé ti ń da omi òjò sínú ìkòkò, tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, tí ẹbí sì ti ń pàdé. Àwọn Àgùdà tó dé láti Bùràsíìlì pa ọgbọ́n ọ̀hún pọ̀ mọ́ ti ilé ní Èkó, ilé wọn sì di ti ìlú. Bí ilé ìtura ti ń pọ̀ sí i ní etí òkun láti Badagry dé Lẹ́kì, ẹni tó fẹ́ fi àṣà ṣe ọ̀ṣọ́ lè ra ère. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé gẹ́gẹ́ bí àṣà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, ibi tí òjò ń gbà, àti orúkọ ẹni tó ń hun aṣọ ní ìlú náà.