Àbámọ̀ àti Ìtàn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, 'à bá mọ̀' ni: à bá mọ̀, à bá ti ṣe é báyìí, à bá má ti ṣe é báyẹn. Èdè wa ní wúnrẹ̀n tirẹ̀ fún ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ṣùgbọ́n tí ì bá ṣẹlẹ̀, a sì ń lò ó lójoojúmọ́, lọ́jà àti nínú ilé. Síbẹ̀, nígbà tó bá di ti ìtàn, ọ̀pọ̀ onímọ̀ a máa wí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan ni kí a máa sọ. N kò gbà pẹ̀lú wọn tán. Ẹni tí kò bá lè sọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní nǹkan kan yàtọ̀, kò tí ì mọ ohun tó fa èyí tó ṣẹlẹ̀.

Eré orí kọ̀ǹpútà kan ni ó gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ẹnu ọ̀nà wa ní Ìpọ̀nrí. Crusader Kings III ni orúkọ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Paradox ti ilẹ̀ Sweden ni ó gbé e jáde ní ọdún 2020. Ẹni tó bá ń ta á lè di ọba tàbí ìjòyè kan ní ọdún 867 tàbí 1066, kí ó fẹ́yàwó, kí ó bímọ, kí ó jagun, kí ó dìtẹ̀, títí di ọdún 1453. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ a tún máa dá ìtàn mìíràn sí i fúnra wọn. Irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní mod. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ládùúgbò wa ń ṣe ọ̀kan lọ́wọ́, ó sì ní kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú tirẹ̀, Charles Martel, olórí àwọn Frank, kò ṣẹ́gun ní Poitiers ní ọdún 732. Àwọn ọmọ ogun Mùsùlùmí láti Andalus ni ó borí; wọ́n gba Faransé, wọ́n gba Jámánì, wọ́n sì sọdá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èrò náà kì í ṣe tuntun. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, òpìtàn Edward Gibbon ti ro ó pé bóyá Kùránì ni wọn ì bá máa kọ́ ní Oxford.

Mo bi í bóyá ó mọ̀ pé a ní Poitiers tiwa. Ní nǹkan bí ọdún 1840, àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin dó ti Òṣogbo. Ìbàdàn rán ogun lọ láti gbà á, Balógun Ọdẹ́rìnlọ́ ni ó sì ṣáájú wọn. Òru ni wọ́n kọlu ibùdó Ìlọrin, wọ́n sì ṣẹ́ ogun náà. Ọ̀pọ̀ òpìtàn ka òru ọjọ́ yẹn sí ibi tí jíhàdì tó ti Sókótó wá ti dúró nílẹ̀ Yorùbá. Ká ní ó lọ lọ́nà mìíràn ńkọ́? Ǹjẹ́ Ìlọrin ì bá dé òkun?

Ìlànà tí mo fún un láti fi dáhùn kò ti inú ìwé òyìnbó wá. Orúkọ àdúgbò wa bá ọ̀rọ̀ kan dọ́gba nínú ìgbàgbọ́ àwọn baba wa: ìpọ̀nrí, ìyẹn orísun ènìyàn ní òde ọ̀run. Àwọn àgbà sì ní ọ̀nà mẹ́ta ni ìpín fi ń bá ènìyàn wáyé. Àkúnlẹ̀yàn ni ohun tí a fi ẹnu ara wa yàn. Àkúnlẹ̀gbà ni ohun tí a fi lé wa lọ́wọ́. Àyànmọ́ ni èyí tí a so mọ́ wa, tí kò gbóògùn. Mo ní kí ó pín ìtàn rẹ̀ sí mẹ́ta bẹ́ẹ̀.

Pé Ìbàdàn yàn láti kọlu ọ̀tá lóru, àkúnlẹ̀yàn ni. Alátúnṣe lè yí i padà bó ti wù ú. Bákan náà ni ti àwọn Ẹ̀gbá tí wọ́n lé àwọn míṣọ́nnárì kúrò ní Abẹ́òkúta ní oṣù kẹwàá ọdún 1867, nígbà Ifọ́lé, tí ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ sì tẹ̀ lé wọn wá sí Èkó. Gómìnà Glover fún wọn nílẹ̀ ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta. Ká ní àwọn Ẹ̀gbá yàn bí òmíràn ni, Ẹ̀bútè Mẹ́ta tó múlé tì wá kò bá má rí bó ti rí lónìí.

Ẹṣin tí Ìlọrin ń rí gbà láti òkè Ọya, àti ìbọn tó ń ti etíkun gòkè wá bá Ìbàdàn, àkúnlẹ̀gbà ni. A lè yí i padà, ṣùgbọ́n a óò san owó rẹ̀: ẹni tó bá mú ìbọn kúrò lọ́wọ́ Ìbàdàn ní láti sọ ẹni tó dí ọ̀nà etíkun. Igbó kìjikìji àti eṣinṣin tsetse tí í pa ẹṣin, àyànmọ́ ni. Bí Ìlọrin tilẹ̀ borí ní Òṣogbo, igbó ṣì wà níwájú, ẹṣin yóò sì máa kú. Nítorí náà, mo rò pé ìlú púpọ̀ ni ì bá bọ́ sí wọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹṣin wọn kì bá tí dé òkun.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi òṣùwọ̀n kan náà wọn Poitiers. Lẹ́yìn ọdún 732, àwọn Mùsùlùmí kò kúrò ní gúúsù Faransé kíá. Ọwọ́ wọn ni Narbonne wà títí di ọdún 759. Ogun kan ṣoṣo kọ́ ni ó dá wọn dúró. Ní ọdún 740, àwọn Berber dìde ọ̀tẹ̀ ní Mòrókò, ọ̀tẹ̀ náà ràn dé Andalus, ó sì gba agbára tí wọn ì bá fi tẹ̀ síwájú. Ẹni tó bá fẹ́ yí ìtàn Faransé padà, Áfíríkà ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ti owó náà kò yàtọ̀. Nígbà tí Florence bẹ̀rẹ̀ sí í rọ owó wúrà ní ọdún 1252, tí Venice tẹ̀ lé e ní ọdún 1284, wúrà tó la aṣálẹ̀ kọjá láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà lára ohun tó ń bọ́ àwọn ọjà wọn. Ẹni tó bá fọ́ ilẹ̀ Málì nínú eré rẹ̀, kí ó má yà á lẹ́nu bí ọwọ́ àwọn oníṣòwò Ítálì bá rọ.

Nítorí èyí ni n kò ṣe ka iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí sí ìfàkókòṣòfò. Ewu wà nínú ìtàn tí kò ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n eré kọ́ ni ewu náà. Ní ọdún 1910, Leo Frobenius ará Jámánì dé Ilé-Ifẹ̀, ó rí àwọn orí tí àwọn baba wa mọ, kò sì gbà pé ọwọ́ wọn ló ṣe é. Ó ní Atlantis ni Ifẹ̀, pé àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ló gbé irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀. Ìtàn àròsọ ni òun náà dá, àmọ́ ó pè é ní ìmọ̀, ó sì pẹ́ kí a tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lónìí a mọ̀ pé láàrin ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, Ifẹ̀ ń fúnra rẹ̀ ṣe ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì ní Igbó Olókun. Ifẹ̀ wà lórí máàpù eré náà pẹ̀lú.

Ẹni tó bá ń dá ìtàn mìíràn tó sì jẹ́wọ́ pé àròsọ ni, ó ní láti kọ́kọ́ mọ èyí tó jẹ́ òtítọ́, kí ó tó mọ ibi tí ó ti yà kúrò. Ẹni tó fi àròsọ ṣe òtítọ́ kò nílò láti mọ nǹkan kan. Bí àwọn ọmọ wa bá lè sọ ìdí tí Poitiers fi rí bó ti rí, ẹ jẹ́ kí wọ́n lè sọ ti Òṣogbo pẹ̀lú. Ìgbà náà ni 'à bá mọ̀' yóò kúrò ní ẹkún ẹ̀yìn ọ̀ràn, tí yóò di ìbéèrè tí ń ṣáájú ọgbọ́n.