Fítámì A àti ibi ọmọ: ohun tó yẹ kí aboyún Bantè àti Savalou mọ̀

Tí wọ́n bá bí ọmọ tán, a máa ń sin ibi rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó di ọjọ́ yẹn, ibi yìí ti ṣiṣẹ́ púpọ̀. Òun ló ń gba oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ láti inú ẹ̀jẹ̀ ìyá fún ọmọ, òun ló sì ń kó ìdọ̀tí ara ọmọ jáde. Lọ́jọ́ ìbímọ, ó máa ń wúwo tó gíráàmù 500.

Fítámì A wà lára ohun tí ibi fi ń dàgbà. Ara máa ń sọ ọ́ di ohun kan tí Faransé ń pè ní acide rétinoïque. Nǹkan yìí ló ń sọ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì ibi ìgbà tí wọ́n máa pọ̀ sí i, àti iṣẹ́ tí kálukú máa ṣe. Ibi tún ń tọ́jú díẹ̀ pamọ́, ó sì ń fún ọmọ ní tirẹ̀, kí ojú, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ọmọ lè dára. Bí kò bá tó lára ìyá, ìyá lè má ríran dáadáa tí ilẹ̀ bá ti ṣú.

Níbo la ti ń rí i? Lọ́dọ̀ wa níbí ni: epo pupa, máńgòrò pípọ́n, ìbẹ́pẹ, tẹ̀tẹ̀, ewúro, ọ̀dùnkún tí inú rẹ̀ pọ́n. Gàrí Savalou dára, iyán náà dára, àmọ́ gàrí funfun àti iṣu funfun nìkan kò lè fún wa ní fítámì yìí. Ẹ má sì yọ́ epo pupa títí á fi funfun, torí fítámì rẹ̀ á bá iná lọ.

Ṣùgbọ́n àpọ̀jù náà léwu. Ní oṣù 3 àkọ́kọ́, àpọ̀jù fítámì A láti inú oògùn tàbí ẹ̀dọ̀ ẹran lè ba orí, ojú àti ọkàn ọmọ jẹ́. Ti ewébẹ̀ àti epo pupa kò rí bẹ́ẹ̀, torí ìwọ̀n tí ara nílò ló ń mú níbẹ̀.

Kápúsù tí wọ́n ń pín fún ọmọdé ńkọ́? Aláwọ̀ búlúù jẹ́ UI 100 000, fún ọmọ oṣù 6 sí 11. Pupa jẹ́ 200 000, fún ọmọ oṣù 12 sí 59. Àjọ Ìlera Àgbáyé (OMS) sọ lọ́dún 2011 pé níbi tí àìtó fítámì A bá ti le gan-an, aboyún lè lo tó 10 000 lóòjọ́, kó má kọjá bẹ́ẹ̀. Kápúsù pupa kan ṣoṣo ti tó ti ọjọ́ 20!

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, ẹ má gbé kápúsù ọmọ mì. Bí ẹ kò bá ríran dáadáa lálẹ́, ẹ lọ bá agbẹ̀bí.