Ìlú kan wà lórí Òkè Ìdànrè, kì í ṣe àtẹ̀gùn nìkan

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gun Òkè Ìdànrè, ẹ gbọ́. Mo mọ̀ pé ẹ ka àtẹ̀gùn. Gbogbo èèyàn ló ń kà á. Àwọn kan ní 660 ni, àwọn kan ní 682 ni, wọ́n á sì máa bá ara wọn jà lórí ẹ̀ lábẹ́ fídíò. Ìbéèrè tèmi yàtọ̀: nígbà tẹ́ ẹ dé òkè, ilé mélòó lẹ rí?

Okùn ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀. Ẹ wá ibi jókòó sí.

Ìlú ló wà lókè yẹn o. Ìlú gidi tó ní ọba, ààfin, ojúbọ, ibojì, kóòtù, ilé ìwé àti ilé agogo. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún làwọn ará Ìdànrè fi gbé orí àpáta yẹn kí wọ́n tó kó sọ̀kalẹ̀ ní 1923. Ìlú Odode tẹ́ ẹ gbà kọjá lọ síbi àtẹ̀gùn, òun ni wọ́n kó wá.

Ìjù ni mo ń gbé, lójú títì Àkúrẹ́ sí Adó. Téèyàn bá ń ti Àkúrẹ́ bọ̀, Ìta-Ògbólú ló máa kọ́kọ́ kàn, lẹ́yìn náà àwa, lẹ́yìn náà Ìkéré. Ìlú tò lé títì bí ìlẹ̀kẹ̀ lára okùn. Ó ti mọ́ wa lára débi pé a rò pé bẹ́ẹ̀ ni ìlú ṣe ń rí látilẹ̀ wá: ibi tí mọ́tò bá lè dé lèèyàn ń kọ́lé sí. Èèyàn ní láti fẹsẹ̀ gun Ìdànrè kó tó yé e pé ìgbà kan wà tó jẹ́ pé ibi tí ẹnikẹ́ni ò lè tètè débá ọ ni ilé tó dáa jù láyé.

Láti ọ̀dọ̀ wa, ẹ wọkọ̀ dé Àkúrẹ́, kẹ́ ẹ wọ òmíràn lọ sí Ìdànrè. Aládé lẹ máa kọ́kọ́ rí, kẹ́ ẹ tó dé Odode. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó débẹ̀ rárá, ojú ọ̀nà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Àpáta á kàn yọ sókè láàárín igbó kòkó, dúdú, rìbìtì, láìsí òkè kékeré kankan tó ṣáájú ẹ̀. Àwọn tó ga jù lára wọn tó nǹkan bíi 3,000 ẹsẹ̀ bàtà sókè ju òkun lọ. Ẹ pa fóònù yín tì díẹ̀ níbẹ̀ jàre.

Kí ló dé tí odindi ìlú fi lọ ń gbé orí irú nǹkan báyìí?

Ìdáhùn kúkúrú: ogun. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá láàárín ọdún 1800 sí 1900. Ọ̀yọ́ Ilé tú. Àwọn Ẹ̀gbá sá lọ sábẹ́ Olúmọ ní nǹkan bí 1830. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ àwọn ọmọ ogun ò tú ká tán títí di 1893. Nírú ayé bẹ́ẹ̀, ọmọ tó bá lọ pọnmi lè má padà wálé mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kó Ìdànrè lẹ́rú ní láti gun àpáta tó ń yọ̀ lábẹ́ ojú àwọn tó wà lókè, tí wọ́n ti rí i látọ̀nà jíjìn. Kì í ṣe Ìdànrè nìkan ló mọ ọgbọ́n yìí o. Àwọn ará wa ní Idaasa, tí àwọn Faransé ń pè ní Dassa-Zoumé ní Benin, òkè 41 ni wọ́n máa ń sọ pé ó yí ìlú wọn ká.

Ṣùgbọ́n ogun nìkan kọ́. Àwọn ará Ìdànrè ti wà lókè tipẹ́ kí Kírìjì tó dé, ìtàn tiwọn sì so wọ́n mọ́ Ifẹ̀. Àwọn àpáta agbègbè wa yìí ti ń gba èèyàn sábẹ́ láti ìgbà tí kò tíì sí ohun tó ń jẹ́ Yorùbá pàápàá. Lẹ́bàá Ìsarun, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́, ihò àpáta kan wà tó ń jẹ́ Ihò Eléérú. Ní 1965, Thurstan Shaw àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ walẹ̀ níbẹ̀, wọ́n rí òkúta wẹ́wẹ́ táwọn èèyàn gbẹ́ fi ṣe irinṣẹ́ lọ́pọ̀ yanturu, wọ́n sì rí egungun ẹnì kan tí wọ́n sin síbẹ̀ ní ohun tó lé ní 11,000 ọdún sẹ́yìn. Ní 2011 wọ́n tún agbárí náà yẹ̀ wò, ìrísí ẹ̀ sì jọ ti àwọn èèyàn tó pẹ́ jù ú lọ dáadáa. Ẹ wá wo nǹkan: fún ọ̀pọ̀ ọdún, “Iwo Eleru” ni gbogbo ìwé òyìnbó ń pè é. Ihò di ìwo! Ẹnì kan gbọ́ orúkọ, ó kọ ohun tó gbọ́, àwọn tó kù ń dà á kọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mo ṣì máa padà sórí ọ̀rọ̀ orúkọ.

Ó yá, a ti wà lórí àtẹ̀gùn. Ibi ìsinmi márùn-ún ló wà lọ́nà. Ẹ lò wọ́n, kò sí ẹni tó máa fún yín ní ife ẹ̀yẹ. Kẹ́ ẹ sì rántí pé sìmẹ́ǹtì tẹ́ ẹ ń kà yìí ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n tẹ ìlú náà dó. Ìsàlẹ̀ loko wà. Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ lọ sóko láàárọ̀ máa ru iṣu gun àpáta padà nírọ̀lẹ́. Aboyún gun un. Àgbàlagbà gun un. Àwa tá a gbé ike omi kan dání ń mí bí ẹni tó sáré mẹ́ta.

Lẹ́yìn àtẹ̀gùn tó gbẹ̀yìn, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ya fọ́tò, wọ́n á na apá, wọ́n á sì padà. Ibẹ̀ gan-an ni ìrìn bẹ̀rẹ̀ o! Ẹ máa lọ síwájú. Ilẹ̀ á tẹ́, àfonífojì kan á ṣí sílẹ̀ láàárín àwọn àpáta ńláńlá, ìlú sì wà nínú ẹ̀ bí ẹyin nínú ìtẹ́.

Ààfin Ọwá wà níbẹ̀, pẹ̀lú àgbàlá ẹ̀ àtàwọn òpó igi tí wọ́n gbẹ́ ère sí. Ẹ má wọlé gìrìgìrì bí ẹni wọ ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ará Ìdànrè ò tíì já okùn tó so wọ́n mọ́ ibẹ̀: wọ́n ṣì máa ń gòkè lọ ṣe orò àti ọdún, títí kan ọdún Òrósùn ní oṣù karùn-ún. Òrósùn ni òrìṣà obìnrin tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe ọ̀kan lára àwọn òkè tó ga jù níbẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn náà wà lára àpáta. Wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀ tí kì í bá a mu, tọmọdé tàgbà, àfi ẹsẹ̀ àjẹ́. Mo rí àwọn ọkùnrin gìrìpá tó ń wò yàn-àn-yàn kí wọ́n tó ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ẹ̀rín pa mí. Mo ti tèmi bọ̀ ọ́ ná, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ohun tó gba ọkàn mi jù kì í ṣe ìwọ̀nyẹn. Kóòtù àti ilé ìwé ni. Ẹ rò ó wò: ìjọba òyìnbó àtàwọn oníwàásù gun àpáta yìí wá bá wọn. Wọ́n gbé ìdájọ́ tuntun wá, wọ́n gbé ìwé wá, wọ́n gbé agogo wá. Fún ìgbà díẹ̀, ayé àtijọ́ àti ayé tuntun jọ wà lórí òkè kan náà, ojúbọ níhìn-ín, pátákó ìkọ̀wé lọ́hùn-ún. Lójú tèmi, ìgbà tí kóòtù ti gòkè ni ìlú ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Ìdí ni pé kò sí ẹni tó ń sá fún ìkónilẹ́rú mọ́. Ohun tó mú kí òkè wúlò ti tán, ìnira ẹ̀ nìkan ló kù.

Kòkó sì ti dé. Ilẹ̀ tó yí àpáta Ìdànrè ká fẹ́ràn kòkó, títí dòní Ìdànrè wà lára ibi tí kòkó ti ń jáde jù ní Nàìjíríà. Iṣu, o lè rù ú gòkè nítorí pé o máa jẹ ẹ́. Kòkó ńkọ́? O ò jẹ ẹ́. Ẹni tó ń rà á wà nísàlẹ̀, ọ̀nà mọ́tò wà nísàlẹ̀. Ta ló máa ru àpò kòkó gun òkè kó tún rù ú sọ̀kalẹ̀ lọ tà? Kò sí ogun tó lé wọn. Àwọn fúnra wọn ló fẹsẹ̀ ara wọn rìn kúrò níbi tí ogun ò lè lé wọn kúrò.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé England kékeré kan. Abúlé kan wà ní Yorkshire tó ń jẹ́ Wharram Percy. Ní nǹkan bíi 500 ọdún sẹ́yìn ló ti dahoro, torí pé àgùntàn ń mówó wọlé fáwọn onílẹ̀ ju àgbẹ̀ lọ, wọ́n bá lé àwọn tó kù níbẹ̀ kúrò. Kí ló kù lónìí? Ṣọ́ọ̀ṣì kan tí kò lórùlé, àti ilẹ̀ tó ga tó lọ sílẹ̀ lábẹ́ koríko. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ làwọn èèyàn fi ń rìn débẹ̀ títí dòní, wọ́n á dúró níwájú òkìtì koríko, wọ́n á ka pátákó tó sọ irú ilé tó wà níbẹ̀ rí. Torí kí ni? Torí pé láti 1950 títí di 1990, ọdọọdún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn làwọn awalẹ̀pìtàn ń lọ síbẹ̀, wọ́n ń hú ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ogójì ọdún lórí abúlé kan tí ọba ò gbé rí!

Tiwa ní ògiri tó ṣì dúró. Tiwa ní ààfin. Tiwa ní àwọn ọmọ onílé, tí wọ́n ń tajà nísàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn.

Mo bi ẹ̀gbọ́n tó ń mú wa rìn, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ilé ta ni ti ọ̀tún yìí?” Ó wo ilé náà, ó wò mí. “Ilé àwọn ará àtijọ́ ni.” Mo tún tọ́ka sí ìkejì. “Àtijọ́ náà ni, àbúrò.” Ẹ̀gbọ́n náà ò ṣẹ̀ o, ó mọ ààfin, ó mọ kóòtù, ó mọ ìtàn Agbóògùn dénú. Àwọn ohun táwọn àlejò máa ń béèrè ló mọ̀. Kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè ilé mẹ̀kúnnù.

Bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ọmọkùnrin kan fi fóònù ti ògiri kan kó lè ya fídíò ijó. Amọ̀ ya lulẹ̀, ìwọ̀n ìkúùkù méjì. Ó gbọn fóònù ẹ̀ nù, ó sì sún lọ sí ògiri kejì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ilé amọ̀ mọ̀ pé òrùlé ni ẹ̀mí ẹ̀. Tí òrùlé bá ti lọ, òjò á máa lá ògiri bí ọmọdé ṣe ń lá iyọ̀, títí á fi di ilẹ̀. Ọdọọdún ni òjò ń rọ̀ ní Ìdànrè, òjò Ondo sì kọ́ ni òjò eré. Ilé míì lókè yẹn ti di ìpìlẹ̀ nìkan, koríko ti bò ó. Ní ti èèyàn, ìṣirò ẹ̀ rọrùn: ọmọ ọdún mẹ́wàá tó rù ẹrù sọ̀kalẹ̀ ní 1923 ti lé ní 110 ọdún báyìí. Àwọn tó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá wọn ló kù, àwọn náà ti dàgbà.

Ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá ọdún 2007 ni Òkè Ìdànrè wọ ìwé UNESCO tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn ibi tó ń retí sí. Ìretí ni o, kò tíì di ogún àgbáyé. Ojúbọ, ààfin, kóòtù, ilé agogo, ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn àti Omi Aopara wà nínú àkọsílẹ̀ náà. Sukur ní Adamawa, tí ààfin ọba tiẹ̀ náà wà lórí òkè, ti wọlé láti 1999, Ọ̀ṣun Òṣogbo wọlé ní 2005. Mi ò bá UNESCO jà. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé orúkọ onílé ò sí nínú àkọsílẹ̀ yẹn, kò sì sí òyìnbó tó máa wá bá wa bi ìyá àgbà léèrè. Tó bá sì wá ńkọ́? Ẹ ti rí bí Ihò ṣe di “Iwo”.

Fún ẹni tó bá fẹ́ lọ: ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn dáa jù, àpáta máa ń yọ̀ gan-an tójò bá rọ̀. Ẹ tètè jí. Bàtà tí abẹ́ ẹ̀ le, omi tó pọ̀, ẹ má wọ sílípáàsì tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn ẹsẹ̀ yín. Ẹ wá ọmọ ìlú tó máa mú yín rìn, kẹ́ ẹ sanwó ẹ̀ láìkùn. Ẹ yọ wákàtí méjì sílẹ̀ fún ìlú náà fúnra ẹ̀ lẹ́yìn àtẹ̀gùn. Ẹ má gun ògiri, ẹ má fara tì í.

Ẹ̀yin ọmọ Ìdànrè tẹ́ ẹ ń ka èyí, iṣẹ́ kan wà fún yín. Tí ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà bá ṣì wà nílé, ẹ lọ jókòó tì wọ́n lálẹ́ yìí, kẹ́ ẹ bi wọ́n: “Ilé tiwa lókè, apá ibo ààfin ló wà? Ta ló wà lápá ọ̀tún wa? Ibo la ti ń pọnmi?” Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ lórí fóònù, ní ẹnu Ìdànrè gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ẹ má tún un ṣe. Orúkọ agboolé nìkan ni kẹ́ ẹ kọ sábẹ́ ibí. Mo ti ya àwòrán ojú ọ̀nà àárín ìlú náà sínú ìwé, láti orí àtẹ̀gùn tó gbẹ̀yìn dé ẹnu ààfin. Ilé mẹ́tàdínlógún ni mo kà lápá ọ̀tún, ìkankan nínú wọn ò tíì lórúkọ.