Kí ló kan ṣúgà kan erìgì? Ìtàn àtọ̀gbẹ àti eyín wa

Nígbà tí eyín bàbá kan nínú ẹgbẹ́ wa níbí ní Kánò ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wa la sọ pé kòkòrò eyín ni. A fún un ní orín ata, a ní kó máa fi omi iyọ̀ fọ ẹnu. Ẹ̀jẹ̀ ò dá ní erìgì rẹ̀. Ìgbà tí eyín kẹrin lọ ló tó dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín, ìyẹn ló sì ní kó lọ yẹ ṣúgà rẹ̀ wò. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú.

Àwọn bàbá wa mọ àìsàn yìí tipẹ́. Orúkọ tí wọ́n pè é, àtọ̀gbẹ, ti sọ gbogbo rẹ̀: èèyàn á máa tọ̀, á sì máa gbẹ. Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni kò sí oògùn rẹ̀ nígbà yẹn. Ní Amẹ́ríkà gan-an, ebi ni àwọn dókítà fi ń pa ọmọ tó bá ní in, kó lè pẹ́ díẹ̀ sí i.

Ọdún 1921 ni ọ̀rọ̀ yí padà, ní Toronto ní Kánádà. Frederick Banting àti Charles Best fi ajá ṣe ìdánwò, wọ́n rí ohun tó ń fa ṣúgà wálẹ̀ nínú pancreas, ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn àpòlúkù. Òun là ń pè ní ínsúlíìnì. Ní oṣù January 1922 wọ́n gún Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14, ní abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ò mọ́ tó. James Collip tún un sẹ́, wọ́n gún un lẹ́ẹ̀kejì, ṣúgà sì wálẹ̀. Ọmọ tó ti ń kú lọ tún lo bí ọdún 13 sí i láyé.

Ṣùgbọ́n bí èèyàn ṣe wá ń pẹ́ láyé pẹ̀lú ṣúgà ni nǹkan mìíràn ń yọjú: ojú, kíndìnrín, iṣan, ọkàn, egbò tí kì í jiná. Àwọn dókítà eyín ń fura sí ẹnu náà o, àmọ́ wọn ò kà á mọ́ ọn. Àwọn Pima, ọmọ onílẹ̀ ní Arizona ní Amẹ́ríkà, ló jẹ́ kó hàn kedere. Àìsàn yìí pọ̀ láàárín wọn gan-an, àwọn olùwádìí sì ń tẹ̀ lé wọn láti 1965. Wọ́n rí i pé àìsàn erìgì ń mú ẹni tó ní ṣúgà bí ìlọ́po mẹ́ta ju ẹni tí kò ní in lọ. Ní 1993 ni Harald Löe, onímọ̀ eyín ọmọ Norway, kọ ọ́ pé erìgì ni ìṣòro kẹfà tí ṣúgà ń fà. Láti 1922 dé 1993! Ọdún 71 kí erìgì tó gba nọ́ńbà.

Ṣúgà tó pọ̀ lẹ́jẹ̀ kì í jẹ́ kí ara lè bá kòkòrò jà dáadáa, ẹnu á tún máa gbẹ. Erìgì á wú, egungun tó di eyín mú á máa jẹ lọ. Ó sì tún ń padà o: erìgì tó wú kì í jẹ́ kí ínsúlíìnì ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ṣúgà á tún gòkè. Ìdí nìyẹn tí fífọ abẹ́ erìgì lọ́dọ̀ dókítà eyín fi ń fa ṣúgà wálẹ̀ díẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Díẹ̀ la wí, kò lè gba ipò oògùn. Orín wa dáa, àmọ́ kò lè dé abẹ́ ibi tí ìdọ̀tí ti le mọ́ eyín.

Bàbá wa ti ń lo oògùn, ó sì ń lọ fọ abẹ́ erìgì. Ẹ̀jẹ̀ ti dá. Eyín mẹ́rin yẹn ò padà, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló fi ń jẹ ẹran báyìí.