Káàdì Àwòrán, Iná Mànàmáná àti Ìṣirò Ọ̀fẹ́: Bí Ọ̀rọ̀ Náà Ṣe Kan Accra

Ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 1999 ni Yunifásítì California tó wà ní Berkeley gbé SETI@home jáde. Kọ̀ǹpútà inú ilé àwọn èèyàn ni ètò náà ń lò, lásìkò tí ẹni tó ni ín kò bá fi ṣe nǹkan kan. Wọ́n á fi díẹ̀ nínú ìró tí ẹ̀rọ Arecibo ní Puerto Rico gbà láti ojú ọ̀run ránṣẹ́ sí i, kọ̀ǹpútà á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ̀dá kan ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, á sì dá èsì padà. Kò sí ẹ̀dá tó dáhùn. Ṣùgbọ́n ó ti hàn pé ìṣirò tó bá ju agbára yàrá ìwádìí kan lọ, ọ̀pọ̀ ilé lè pín in ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Láti 2002 ni David Anderson, tó ń darí SETI@home, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kọ́ ètò BOINC, kí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mìíràn lè gba ọ̀nà kan náà.

Ní 2006, ó kan Áfíríkà. Yàrá ìwádìí CERN àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ dá Africa@home sílẹ̀. MalariaControl.net, iṣẹ́ Swiss Tropical Institute, fi ìṣirò wo bí ibà ṣe ń ràn àti ohun tí àwọ̀n ẹ̀fọn tàbí abẹ́rẹ́ àjẹsára lè ṣe sí i. Ní 2019, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Delft ní Netherlands gbé African Rainfall Project lé orí World Community Grid ti IBM. Wọ́n gé ilẹ̀ Áfíríkà tó wà nísàlẹ̀ Sàhárà sí abala tó lé ní 35,000, wọ́n sì ń ṣírò òjò ibẹ̀ ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Accra wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà 2015, omíyalé àti iná tó sọ ní ilé epo kan nítòsí Kwame Nkrumah Circle pa èèyàn tó lé ní 150 nínú ìlú yìí. Ẹnikẹ́ni kò ní bi àwọn ará ibẹ̀ léèrè pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ìṣirò òjò ṣe. Síbẹ̀, ilẹ̀ òkèèrè ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn kọ̀ǹpútà tó ṣe iṣẹ́ náà wà.

CPU, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ni wọ́n fi ṣírò ibà àti òjò wọ̀nyí. Káàdì àwòrán, ìyẹn GPU, tí wọ́n ṣe fún géèmù, wọ inú iṣẹ́ ọ̀fẹ́ yìí ní oṣù Kẹwàá 2006, nígbà tí Folding@home ti Yunifásítì Stanford kọ ètò fún káàdì ATI. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Nvidia gbé CUDA síta, kí káàdì tirẹ̀ náà lè ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń yọ̀ǹda kọ̀ǹpútà wọn bẹ̀rẹ̀ sí í tún káàdì tò: wọ́n á sún iyára rẹ̀ kọjá ibi tí ilé-iṣẹ́ fi í sí, díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì máa wo bó ṣe ń gbóná. Nínú géèmù, àmì kan tó kọ mànà lójú ẹ̀rọ kì í ba nǹkan jẹ́. Nínú ìṣirò, nọ́ńbà kan tó bá ṣì lè sọ èsì di asán. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ètò BOINC fi máa ń rán iṣẹ́ kan náà sí kọ̀ǹpútà méjì. Bí èsì wọn kò bá bára mu, wọ́n á rán an sí ẹ̀kẹta. Ẹni tó ti sún káàdì rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, owó iná ló kàn ń san.

Ọ̀rọ̀ iná sì ni gbogbo rẹ̀ ní Accra. Láti 1966 ni ìsédò Akosombo ti ń fún ìlú náà ní iná, àmọ́ ó di èyí tí kò tó mọ́. Ní oṣù Kẹjọ 2012, ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi kan já ọ̀pá gáàsì tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà nínú òkun Togo, dumsor, bí àwọn ará Ghana ṣe ń pe iná tó ń lọ tó ń bọ̀, sì gbóná sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2015, wákàtí 12 ni àwọn ará Accra fi ń rí iná, wọn á sì wà lókùnkùn fún 24. BOINC máa ń tọ́jú ibi tó bá iṣẹ́ dé, nítorí náà iná tó lọ kò pa gbogbo iṣẹ́ rẹ́. Èyí tó máa ń ba káàdì jẹ́ ni iná tó bá dé pẹ̀lú agbára tó ga jù. Sítébíláísà ṣe pàtàkì níbẹ̀ ju iyára lọ.

Káàdì GTX 1080 ti 2016 ń jẹ wáàtì 180. Bó bá ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ dé òwúrọ̀, ó ti jẹ yúníìtì mẹ́rin ó lé díẹ̀ lórí mítà ìsanwó-ṣáájú, láìka fáànù àti ooru yàrá. Ìtúntò tó bá Accra mu ni kí èèyàn dín fóltéèjì kù, kí iyára wà bó ṣe wà. Bí fóltéèjì bá dín ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, iná tí ìṣirò ń jẹ á dín ní nǹkan bí ìdá mọ́kàndínlógún, nítorí ìlọ́po fóltéèjì nípa ara rẹ̀ ni iná ń tẹ̀ lé.

SETI@home dáwọ́ pínpín iṣẹ́ dúró ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 2020. Ní 2021, IBM fa World Community Grid lé Krembil Research Institute ní Toronto lọ́wọ́, ìṣirò òjò Áfíríkà sì bá a lọ sí Kánádà.