Iye Ebè àti Iye Wákàtí

Ní ọdún 1967, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan ní Ottobrunn, ní ilẹ̀ Jámánì, gba àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ láàyè láti máa fúnra wọn yan ìgbà tí wọn yóò wọṣẹ́ àti ìgbà tí wọn yóò ṣíwọ́. Gleitzeit ni wọ́n pè é, ìyẹn àkókò tí ń yọ̀ síwá sẹ́yìn. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń pè é ní 'wákàtí tí ó ṣeé tẹ̀'. N kò fara mọ́ ọn. Ọ̀pá ni à ń tẹ̀.

Kí á tó wá orúkọ fún un, ẹ jẹ́ kí á wo bí àwọn baba wa ṣe ń wọn iṣẹ́. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí ó jáde ní 1921, ṣàlàyé pé iṣẹ́ tí ó tó 100 ebè ni ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Alágbára lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́. Ìwọ̀fà tí ó bá tètè jí, tí ó sì parí tirẹ̀ láàárọ̀, òun ni ó ni ìyókù ọjọ́. Ilé ara rẹ̀ ni ó ń gbé, iṣẹ́ ara rẹ̀ ni yóò sì padà sí. Bẹ́ẹ̀ ìwọ̀fà ni, kì í ṣe ọ̀gá ara rẹ̀: èlé ni gbogbo ebè wọ̀nyí, owó ẹyọ kan kò sì tìtorí wọn dín nínú gbèsè náà.

Ìdájí, ìyálẹ̀ta, ọ̀sán gangan, ìrọ̀lẹ́: oòrùn ni àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń tẹ̀lé. Inú èdè Lárúbáwá ni 'wákàtí' ti ṣẹ̀. Agogo, irin tí à ń lù, ni a sì fi sọ ẹ̀rọ tí ń ka àkókò lórúkọ. Orúkọ náà bá a mu, nítorí pé lílù agogo ni ilé-ẹ̀kọ́ fi ń kó ènìyàn jọ. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, aago ni ó ń tẹ̀lé, kò dúró de oòrùn. 'Iṣẹ́ oṣù' náà dé, orúkọ tí ó sọ ìgbà tí owó ń wọlé láìsọ ohun tí a ṣe. Ẹni tí ó gba àgbàṣe ní tirẹ̀ mọ ibi tí iṣẹ́ parí sí.

Lójú tèmi, 'àṣetánlọ' sún mọ́ ohun tí à ń wá. Ṣùgbọ́n ìwọ̀fà mọ̀ pé 100 ni. Òṣìṣẹ́ òde òní tí ó yan wákàtí ara rẹ̀, tí ọ̀gá sì ń pè lórí fóònù ní aago mẹ́wàá alẹ́, ta ni ó ka ebè tirẹ̀ fún un?